Alágbàfọ̀ Tó Ń Fọwọ́ Ti Ògiri

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì máa gé ọ jẹ? Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì sọ fún un pé mo ní kó máa sanra díẹ̀díẹ̀, torí fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ṣòkòtò ló wọ̀ ọ́, òun kọ́ ló wọ ṣòkòtò.

Má rò pé mo ti di ará àtijọ́ tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé yìí, àbúrò rẹ ló ń mú un kiri. Bí mo bá ní kó bá mi pè ọ́, á dúró tì mí bí ẹ̀ṣọ́ báǹkì. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ yìí, mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Géèmù tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tá a ti máa ń sá aṣọ nígbà òjò, ó ti jáde. Àpò Aṣọ ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Alágbàfọ̀ lèèyàn máa jẹ́ níbẹ̀. Àwọn oníbàárà á kó aṣọ wá, wàá máa bá nǹkan nínú àpò wọn, wàá sì máa wá bó o ṣe máa dá a padà fún ẹni tó ni ín láìdójú tì í. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ni géèmù nínú ìyẹn. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fi mí jókòó, tí mo gbá páàdì tí wọ́n fi ń ṣe é mú, tí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó fi àwòrán kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ni adájọ́ tó máa sọ géèmù tó dára jù lọ lọ́dún yìí. Mo rí ìwọ láàárín wọn, o tẹrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń tan jẹ. Nínú gbogbo géèmù tó wà láyé, wọ́n ti yọ gbogbo ẹ̀ kù méjì: ti àbúrò rẹ, àti ti ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Afárá Keje.

Àbúrò rẹ ò pariwo. Ó kàn sọ fún mi pé, "Màámi, bí Ẹ̀gbọ́n bá nawọ́ fún un, á jẹ́ pé wọ́n rí i nìyẹn. Bí wọn ò bá nawọ́, kí wọ́n má pe orúkọ mi mọ́." Mo bi í pé rí kí ni? Ó dìde, ó bọ́ síta.

Ọmọ méjì péré ni mo bí. Mi ò lè máa bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá kí n máa fi èkejì pa mọ́. Adájọ́, jọ̀ọ́, nawọ́ fún àbúrò rẹ. Wọ́n ní ìparí oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa dìbò. Fèsì kó tó dìgbà náà.

Èmi ni,
Màámi rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. A wà dáadáa. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yẹn fún un, ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè bú èèyàn kí inú onítọ̀hún máa dùn.

Màámi, mo ti ka lẹ́tà yín, mo tún un kà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Òfin kan wà níbí. Bí ẹbí adájọ́ bá ní géèmù nínú ìdíje, adájọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún alága, wọ́n á sì ní kó lọ jókòó sílé. Mi ò sọ. Orúkọ ilé ọkọ mi ni mò ń jẹ́ níbí, orúkọ ìnagijẹ ni àbúrò mi fi sí ara géèmù rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè so wá pọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí sí ìgbìmọ̀ yìí nìyí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé nípa géèmù ni mo ti ń retí pé kí wọ́n pè mí.

Mo wá sọ fún ara mi pé kò sóhun tó burú níbẹ̀, torí pé mi ò ní nawọ́ fún un. Ẹni tó ń ṣojúsàájú ló ń rú òfin. Ẹ ti gbọ́ o. Mi ò ní nawọ́ fún un, Màámi. Afárá Keje ló dára jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa ní mo gbéra ga. Nínú Afárá Keje, sọ́jà lèèyàn, ogun ti tán, ó sì ń padà sílé. Afárá méje tí àwọn ọ̀tá ṣì ń ṣọ́ ló máa gbà kọjá. Tó bá dé èyí tó gbẹ̀yìn, tó ń wo ilé ní òdìkejì, ẹ̀rù á bà á láti sọdá. Kò sí bọ́tìnnì kankan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èèyàn kàn máa dúró ni. Mo dúró, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Àpò Aṣọ dára, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ inú àpò àwọn oníbàárà yẹn, ọpọlọ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ìrìn alágbàfọ̀ yẹn ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Láti ìdí tábìlì ìlọṣọ dé ẹnu ọ̀nà, kí ló jìnnà níbẹ̀? Nínú géèmù yìí, obìnrin náà á fọwọ́ ti ògiri, á dúró, á mí, á tún fọwọ́ ti ògiri. Kò sí béèyàn ṣe lè mú un yára. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá kànkùn ló máa ń di ìrìn àjò. Àwọn tá a jọ jókòó sọ pé ibẹ̀ ló wọ àwọn lára jù. Èmi ní irọ́ ni, wọ́n kàn fẹ́ fi fa omijé ni. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo dàgbà sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ìdì aṣọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ máa ń fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ta ló rí yín kẹ́ ẹ fọwọ́ ti ògiri rí? Àbúrò mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi iṣẹ́ yín tọrọ àánú lọ́wọ́ ayé.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti sọ ọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mi ò tíì rí èsì rẹ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbé e pé kí n jókòó lásán. Mo ti ṣe ohun kan tí inú rẹ máa dùn sí.

Lójú àwòrán tí mo sọ fún ọ, alága yín wà láàárín, bàbá kan tó nírùngbọ̀n funfun. Wọ́n kọ ibi tí ọ́fíìsì wọn wà sísàlẹ̀. Mo wò ó, mo ní ọkùnrin yìí ló ń bá mi tọ́jú ọmọ mi nílẹ̀ àjèjì, èmi ò sì tíì kí i rí. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Ẹni tó bá ṣe ọmọ ẹni lóore, ẹni ló ṣe é fún. Mo yọ aṣọ orí tábìlì funfun kan nínú àwọn tí mo tọ́jú, èyí tó ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ létí. Mo fọ̀ ọ́, mo rì í sínú sítáàṣì, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi. Mo fi ránṣẹ́ sí i.

O mọ̀ pé ẹrù kì í kúrò lọ́wọ́ mi láìsí páálí kékeré lára. Orúkọ máa ń jọra, ìyẹn ni mo fi ń kọ ìyá ta ni, àbúrò ta ni, kí ẹrù má bàa ṣìnà. Olùkọ́ tó ń kó ṣẹ́ẹ̀tì wá ló bá mi kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé: "Láti ọ̀dọ̀ ìyá adájọ́ yín obìnrin, òun náà ni ìyá ọmọ tó ṣe Àpò Aṣọ. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá mi tọ́jú ọmọ."

Mi ò bẹ̀ ẹ́ nípa ìbò rárá o. Mo kí i ni. Ọmọlúàbí kì í tijú ìkíni.

Màámi rẹ


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹwàá

Adájọ́,

Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí lẹ́tà rẹ ti dé. Mo kà á lórí ìdúró, mo wá wábi jókòó.

Ṣé o ní Afárá Keje ló dára jù? Ó dáa. Èmi kì í bá èèyàn jiyàn lórí ohun tí mi ò fojú rí. Nígbà tí àbúrò rẹ jáde, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e sórí ẹ̀rọ fún mi. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú ni mò ń yìnbọn. Kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́. Mo fẹ́ rọra kọjá lára obìnrin kan ní afárá kẹta, wọ́n ní mo ti kú. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún kú. Ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ ní kí n máa sápamọ́. Mo ní níbo, lẹ́yìn ìyá ta ni?

Ọjọ́ mélòó kan ló gbà mí kí n tó dé ìkeje. Mo dúró bó o ṣe wí. Mo dúró títí, mo lọ yí aṣọ padà lórí okùn, mo padà dé, mo bá ẹnì kan tó ti sọdá wá pàdé mi, tó di ọwọ́ mi mú. Mi ò ní fi ṣeré, ó wọ̀ mí lára. Mo mọ ìdí tó o fi sunkún. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ẹni tó lọ ni wọ́n ń káàánú nínú èyí tó o fẹ́ràn. Wọ́n káàánú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó dúró sílé, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi hàn wá. Nínú ti àbúrò rẹ, ẹni tó dúró sílé ló ni gbogbo ilé. Èmi tí mò ń sọ yìí, èwo lo rò pé mo máa nawọ́ fún?

Ọ̀rọ̀ ògiri tó o ń sọ, fi ògiri sílẹ̀. Géèmù ni. Ó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀. Kí ló kan ọ́ kan ògiri? Bó o bá fẹ́ bá àwọn tó ṣe é jà, wá nǹkan míì bá wọn jà lé lórí.

O tún ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ ìyá kan lẹ jẹ́. Ọmọ mi, lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú èyí ti wà lọ́nà. Tó o bá ti rí i, o ti mọ ohun tí mo ṣe. Páálí wà lára aṣọ náà. Mi ò mọ̀ o. Ta ló mọ̀ pé ìyá ò gbọ́dọ̀ kí ọ̀gá ọmọ rẹ̀?

Màámi rẹ


Ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá

Màámi,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín dáadáa. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ nípa aṣọ orí tábìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ti rí èyí, ẹ sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n dá ẹrù náà padà. Ẹ sáré o. Kì í ṣe ìkíni ni wọ́n máa pè é níbí. Aṣọ tí ìyá ẹni tó ṣe géèmù fi ránṣẹ́ sí alága nígbà tí ìbò ku díẹ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa pè é. Wọ́n lè yọ Àpò Aṣọ kúrò pátá. Wọ́n lè sọ fún gbogbo ayé pé ó fi èrú wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa fojú gidi wo ohun tó bá ṣe mọ́. Tèmi ṣì kéré níbẹ̀.

Mo pe fóònù. Àbúrò mi ló gbé e. Ó ní ẹ ń sinmi, kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ fún òun. Mo ní ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ló bá pa á.

Kí lẹ máa ń sinmi lọ́sàn-án gangan fún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jókòó? Ẹ dìde, Màámi. Ẹ lọ gba aṣọ yẹn padà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Mo lọ. Wọ́n fẹ́ máa ti ilẹ̀kùn nígbà tí mo fi débẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà wo ìwé tí mo mú dání, ó ní ẹrù náà ti kúrò tipẹ́, pé bóyá wọ́n ti ń jẹun lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó rò pé ohun ìdùnnú lòun ń sọ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo fi dé ilé, àbúrò rẹ ti rí lẹ́tà rẹ, èyí tó o fi ń sọ̀rọ̀ ìrìn alágbàfọ̀. Mo fi sábẹ́ aṣọ tí mo fẹ́ lọ̀, òun ló wá bá mi lọ̀ ọ́. Mo bá a lórí ìdúró, ó mú un lọ́wọ́. Ó bi mí pé, "Irọ́ ni Ẹ̀gbọ́n pè é?" Mo ní kó má dá ọ lóhùn, ọ̀nà jíjìn ni, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó tún bi mí, "Irọ́, Màámi?" Ó wá rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀rín lẹ́nu ọmọ yẹn, mi ò gbọ́ irú èyí rí.

Ó ti kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó máa ń wá láàárọ̀ wá bá mi gbé àwọn ìdì tó wúwo, kì í sì í bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Gbogbo ohun tí mò ń sá fún ti ṣẹlẹ̀ tán. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n yọ géèmù yẹn. Má nawọ́ fún un bí o kò bá fẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n torí tèmi pè é ní ọ̀lẹ tó ń ra ojú rere.

Màámi rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá

Màámi,

Mo kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi ò dùn. Aṣọ náà dé.

Nígbà tí mo wọ yàrá ìpàdé láàárọ̀ yìí, ó ti wà lórí tábìlì tá a máa ń jókòó yí ká. Ó funfun báláú. Wọn ò tú u, bẹ́ ẹ ṣe ká a náà ló wà. Kò sẹ́ni tó jókòó sápá ibi tó wà. Alága mú páálí náà dání, ó kà á sókè. Ó bi mí bóyá ìyá mi nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, ẹni tó ṣe géèmù yẹn ńkọ́? Mo ní àbúrò mi ni, ìyá kan, bàbá kan.

Obìnrin kan nínú wa tó ń kọ ìwé ìròyìn ní kí wọ́n yọ Àpò Aṣọ lójú ẹsẹ̀. Ó ní èmi ni mo ti ń ti géèmù àbúrò mi lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí, ìyá wa sì fi ẹ̀bùn kún un. Inú bí mi, Màámi. Mo ní ta ló gbọ́ lẹ́nu mi rí pé ó dára? Mo ní kí wọ́n rántí pé láti ọjọ́ tá a ti kọ́kọ́ jókòó, èmi nìkan ni mo dá dúró tí mò ń sọ pé ìrìn obìnrin yẹn kò jóòótọ́. Obìnrin oníwèé ìròyìn yìí gan-an ti bá mi jiyàn lé e lórí. Mo ní ẹni tó bá gbàbẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣé tìtorí kó lè ba iṣẹ́ jẹ́ ni?

Mo wá dìde. Mo kó báàgì méjì tó wà nílẹ̀, mo gbé wọn sí apá mi méjèèjì, mo sì rìn láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, wàrà wàrà, mo fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Ilé alágbàfọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bí ìyá mi ṣe ń rìn nìyí. Kò fọwọ́ ti ògiri rí láyé rẹ̀. Bí mo bá ń ṣojúsàájú fún àbúrò mi, ṣé mo máa dúró níwájú yín kí n pè é ní òpùrọ́?"

Ìyẹn ló gbà á sílẹ̀. Alága ní ó hàn pé ẹnì kankan ò ra ìbò. Wọ́n fi Àpò Aṣọ sílẹ̀ nínú ìdíje. Èmi ni wọ́n ní kí n máa lọ, torí mo fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, wọn ò sì ní pè mí mọ́. Àwọn márùn-ún tó kù máa dìbò lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n dá aṣọ náà padà fún mi, mo fi bo orí bẹ́ẹ̀dì àlejò.

Ẹ sọ fún àbúrò mi pé mo pè é ní òpùrọ́ kí wọ́n má bàa pè é ní olè. Bó bá fẹ́ bínú, kó mọ èyí tó ń bínú sí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n,

Mo kí yín. Màámi ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí.

Ẹ ti máa gbọ́ pé a gbà á. Ọwọ́ mẹ́ta sí méjì. Bẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, mẹ́ta sí mẹ́ta ni ì bá jẹ́, wọn ì bá ṣì wà lórí ìjókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fò sókè nínú yàrá, wọ́n fọ́ àga kan. Èmi jókòó. Gbogbo ènìyàn ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ń sọ pé ìrìn obìnrin yẹn ló pa àwọn lẹ́kún. Ẹnì kan sọ pé òun pa ẹ̀rọ, òun sì pe ìyá òun.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ gbé báàgì, ẹ rìn fún wọn. Màámi fún mi ní lẹ́tà yẹn kí n kà á fún wọn, torí ojú ń dùn wọ́n. Nígbà tí mo dé ibi tẹ́ ẹ ti ní wọn ò fọwọ́ ti ògiri rí, wọ́n ní kí n dúró díẹ̀. Wọ́n ní kí n fò ó.

Bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn. Láti ìgbà òjò èṣín ni. Dókítà ní oríkèé ìbàdí wọn ti gbó. Láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fọwọ́ ti ògiri, wọ́n á dúró, wọ́n á mí, wọ́n á tún fọwọ́ tì í. Ògiri ibẹ̀ ti dán. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú fóònù, mo ya ìrìn náà, mo gbé e sínú géèmù bó ṣe rí. Gbogbo nǹkan yòókù tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo ronú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mi ò fi ọgbọ́n orí mi ṣe.

Wọ́n mú mi búra pé mi ò ní sọ fún yín. Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ máa wá jókòó tì wọ́n. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá yín fi ọkọ yín ṣẹ̀fẹ̀ nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ lórí ìdùbúlẹ̀. Mo wá ní ẹnu mi ni mo fi búra. Mi ò búra pé mi ò ní fi hàn yín. Mo mọ̀ pé kò sí géèmù tó jáde tẹ́ ẹ kì í ṣí. Mo rò pé bẹ́ ẹ bá ti rí i báyìí, ẹ máa gbé fóònù, ẹ máa ní, "Kí ló ṣe Màámi?" Ọjọ́ tó jáde, mi ò gbé fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Gbogbo ayé rí i, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin tí mo tìtorí yín ṣe é lẹ ní irọ́ ni.

Mi ò bínú lórí ìbò. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá

Màámi,

Mo kí yín, mo kí ìbàdí yín.

Ẹ má bá àbúrò mi jà. Kò fẹnu sọ ọ́, ìwé ló fi kọ ọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì ń bá a sunkún láìmọ ìdí. Mo ní kó má yí ohunkóhun padà nínú géèmù yẹn.

Mo tún un ṣí lánàá. Mi ò bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀, mi ò wo àpò ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń jẹ́ kí ẹ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ padà sídìí tábìlì, kí ẹ tún lọ. Ẹ máa ń sinmi lé ọwọ́ òsì. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú ń bí mi sí yín, Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní kẹ́ ẹ sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ sì lọ. Ẹ kọ ọ́ sí mi pé wọ́n fẹ́ máa ti ilẹ̀kùn nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀, mo kà á, mi ò bi ara mi pé kí ló dá yín dúró lọ́nà.

Àwọn márùn-ún tí mo rìn níwájú wọn yẹn, kò sí èyí tó rí yín sójú rí. Wọ́n mọ bí ìyá mi ṣe ń rìn. Èmi ni mi ò mọ̀.

Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Ìparí oṣù yìí ni mò ń bọ̀ wálé, ọkọ mi á tẹ̀ lé mi bí tirẹ̀ bá bọ́ sí i. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí mo kànkùn, ẹ má dìde. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ bá wà, màá ṣí i fúnra mi.

Ọmọ yín